Ìdè Háídrójìn àti Ọ̀rọ̀ Ògógóró: Ìtàn Bí Ìmọ̀ Ṣe Wá Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìgò

1. ÌFÁÁRÀ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan tí kò ní orúkọ bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè àti agbègbè rẹ̀, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí a máa fọ́ ẹni tí ó bá kọlù, ojú rẹ̀ a máa ṣú, yóò sì dákú. Púpọ̀ nínú wọn ni kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó kú. Àlàyé mẹ́ta ni ó tẹ̀lé ara wọn. Èkíní ni ti àwọn ará ìlú kan tí wọ́n gbà pé òrìṣà ni ó ń bínú. Èkejì ni ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó kọ́kọ́ fura sí oògùn tí a fi ń pa koríko. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó fi hàn: mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, inú ọtí ìbílẹ̀ ni àwọn tí ó kú sì ti mu ún.

Kì í ṣe ipò ẹni tí ó sọ ọ́ ni ó mú kí àlàyé kẹta borí àwọn méjì ìṣáájú, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé kò kéré nípò. Ohun tí ó mú un borí ni pé ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè méjì: kí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, báwo ni ó sì ti pọ̀ tó?

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn ìbéèrè náà wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ibi tí ọtí ti wá àti ẹni tí ó sè é ni òfin ń béèrè, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àìbìkítà nìkan kọ́ ni ó fà á. Ìṣẹ̀dá ọtí fúnra rẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pàápàá ìdè háídrójìn tí ó so àwọn mólékù rẹ̀ pọ̀, tí ó sì mú kí ahọ́n àti ìkòkò má lè dá májèlé mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí. Ìmọ̀ tí ó tú àṣírí yìí pín sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan rìn ní Ìbàdàn, èkejì rìn ní ilẹ̀ òtútù. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yẹ kí wọ́n pàdé ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

2. ỌTÍ LÁBẸ́ ÒFIN

Kí ògógóró tó gbilẹ̀, ọtí líle tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni jíìnì àti ṣìnáàpù tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Hamburg àti Rotterdam. Ẹmu, ọ̀gùrọ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti àgàdàgídí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni ó ń sọ ṣúgà inú wọn di ọtí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ọ̀nà ọjà òkèèrè kúrú sí i, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin náà sì ni Dùgbẹ̀ ti wá di ọjà ńlá. Owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí ọtí líle jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú owó tí ìjọba amúnisìn fi ń ṣe àkóso gúúsù Nàìjíríà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí ọtí yìí pọ̀. Ní 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ṣe àdéhùn ní Brussels láti dín títà ọtí líle kù ní apá kan ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1909, ìgbìmọ̀ olùwádìí kan jókòó lórí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà kò rí ẹ̀rí pé ọtí ti ba àwọn ènìyàn jẹ́ tó bí àwọn míṣọ́nnárì ti wí. Àdéhùn tí ó ṣe kókó jù ni ti Saint-Germain-en-Laye, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919. Àdéhùn yìí ka ìsọ̀rí ọtí tí wọ́n ń pè ní ọtí òwò léèwọ̀, ó sì fi òfin de sísè ọtí líle ní àwọn ilẹ̀ tí ó kàn.

Kókó kan wà nínú àdéhùn náà tí kò yẹ kí a fojú fò. Kò sọ ohun tí ọtí òwò jẹ́. Ó fi í sílẹ̀ fún ìjọba kọ̀ọ̀kan láti yan ọtí tí yóò ka mọ́ ìsọ̀rí náà. Èyí ni pé ọtí méjì tí ohun inú wọn jẹ́ bákan náà lè wà, kí ọ̀kan jẹ́ èèwọ̀, kí èkejì sì máa wọlé pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Nígbà tí ọ̀dá owó dé ní àwọn ọdún 1930, tí ọtí òkèèrè sì wọ́n, ògógóró tàn kálẹ̀ láti agbègbè ẹsẹ̀ odò, níbi tí igi ọ̀gùrọ̀ ti pọ̀. Àgbá irin, páìpù bàbà àti omi tútù ti tó láti sè é. Ọlọ́pàá ń wọ inú igbó láti fọ́ àwọn ìkòkò náà, ilé ẹjọ́ sì ń rán àwọn tí ó ń sè é lẹ́wọ̀n.

Lójú kẹ́mísírì, ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó ń pani nínú jíìnì Rotterdam, òun náà ni ó ń pani nínú ògógóró. Ibi tí ọtí ti wá àti iye owó rẹ̀ ni òfin fi pààlà sáàárín wọn. Àbájáde èyí kò mọ sí ọ̀rọ̀ owó ibodè nìkan. Ohun tí a bá ń sè ní ìkọ̀kọ̀ kì í dé iwájú ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

3. ẸMU NÍNÚ YÀRÁ ÌWÁDÌÍ NÍ ÌBÀDÀN

Ní 1948 ni University College bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn, kí ó tó kó lọ sí ibùdó tí Agbowó wá gbilẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ó di Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962. Ní ọdún kan náà ni Olumbe Bassir, onímọ̀ báyókẹ́mísírì tí ó jẹ́ ọmọ Sierra Leone tí ó sì fi Ìbàdàn ṣe ibi iṣẹ́, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ẹmu ṣe ń kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun àti S. I. Faparusi tẹ ọ̀wọ́ ìwádìí mìíràn jáde: lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹmu, lórí ohun tí ọjọ́ orí ọ̀pẹ lẹ́nu dídá ń ṣe sí ẹmu, lórí títọ́jú rẹ̀ pamọ́, àti lórí èèpo igi Saccoglottis gabonensis tí àwọn adẹ́mu kan máa ń fi sí i.

Pàtàkì iṣẹ́ yìí ni pé ó mú ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lẹ́nu wá sí ibi tí a ti lè kà á. Gbogbo adẹ́mu ni ó mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ dùn ju ti alẹ́ lọ, pé ti alẹ́ le ju ti òwúrọ̀ lọ, àti pé ẹmu àná a máa kan. Ìwádìí fi hàn pé ṣúgà ni ó ń di ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí ó lè tó nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 láàárín ọjọ́ kan, àti pé àwọn baktéríà ni ó ń sọ ẹ́tánọ́ọ̀lù náà di ohun kíkan lẹ́yìn náà. Ẹmu ni wọ́n dojú kọ. Ìbéèrè tí iná ń dá sílẹ̀, nígbà tí ẹmu bá wọ inú àgbá tí ó sì jáde ní ẹnu páìpù, jẹ́ ìbéèrè mìíràn.

Ní ogbà kan náà, àwọn onímọ̀ físíìsì Ìbàdàn ti ń ran ìgbì rédíò sí òkè láti àwọn ọdún 1950, láti mọ bí afẹ́fẹ́ òkè tí ó ní agbára iná ṣe rí lórí ìlú tí ó wà nítòsí ìlà tí ó dá ayé sí méjì. Ìgbì rédíò lè sọ ibi tí agbára iná wà àti bí ó ti pọ̀ tó. Kò lè sọ orúkọ ohun tí ó gbé e. Ohun tí ó jọ èyí ni ìṣòro ọtí: kí á mọ̀ pé ó le, kí á má sì mọ ohun tí ó le nínú rẹ̀.

4. ÌDÈ TÍ Ó SO ỌTÍ PỌ̀

Mólékù mẹ́tánọ́ọ̀lù ní átọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan, ti ẹ́tánọ́ọ̀lù ní méjì. Ṣùgbọ́n ìrù kan náà ni àwọn méjèèjì ní: átọ̀mù ọ́síjìn kan tí ó di háídrójìn kan mú. Ọ́síjìn yìí jẹ́ ọ̀kánjúwà. Ó ń fa agbára iná tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Háídrójìn náà a wá dà bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí ó ń wá ọmú ẹlòmíràn; yóò sì na ọwọ́ sí ọ́síjìn mólékù tí ó wà nítòsí. Ìdè yìí ni Latimer àti Rodebush ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ní 1920.

Ìfiwéra kan tó láti fi agbára rẹ̀ hàn. Ìwúwo mólékù gáàsì ẹ́téènì jẹ́ 30, ti mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ 32. Síbẹ̀ ẹ́téènì ti ń hó ní −89°C, nígbà tí mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ní hó títí yóò fi dé 64.7°C. Ìdè háídrójìn ni ó dá ìyàtọ̀ tí ó lé ní 150 dígírì yìí sílẹ̀.

Omi náà ní irú ìdè yìí. Ìdí nìyí tí omi, ẹ́tánọ́ọ̀lù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù fi ń wọ ara wọn láìsí ààlà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ojú rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹni tí ó ń sè ọtí kò fi lè fi iná lásán yọ gbogbo omi kúrò: ẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní 78.4°C, omi ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá dé ìdá 95.6 nínú 100, àwọn méjèèjì yóò jùmọ̀ máa bá oru lọ.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni ti mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá wo ìwọ̀n ìhó nìkan lè rò pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí ń hó ní 64.7°C, yóò kọ́kọ́ jáde, kí a dà á nù, kí ìyókù sì mọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àdàlù tí omi ti pọ̀, ìdè háídrójìn ń fa mẹ́tánọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ó sì ń bá ẹ́tánọ́ọ̀lù rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkòkò kan àti páìpù kan kò lè yà wọ́n. Ahọ́n kò lè yà wọ́n pẹ̀lú, nítorí pé òórùn wọn àti bí wọ́n ṣe ń ta ní ọ̀nà ọ̀fun fara jọ ara wọn. Ìwúwo wọn ni ó kù.

5. ÒṢÙṢÙ ÁYỌ́NÙ NÍNÚ ÒTÚTÙ

Ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo mólékù ni a ń pè ní mass spectrometer. J. J. Thomson ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Cambridge. Ní 1913, ó fi hàn pé gáàsì níọ́ọ̀nù ní oríṣi méjì, ọ̀kan wúwo tó 20, èkejì tó 22. F. W. Aston tún ẹ̀rọ náà ṣe ní 1919, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1922. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Wọn yóò kọ́kọ́ fún mólékù ní agbára iná, kí ó di áyọ́nù. Wọn yóò jẹ́ kí ó sáré nínú òfìfo tí afẹ́fẹ́ kò sí. Òòfà yóò sì tẹ ọ̀nà rẹ̀. Èyí tí ó fúyẹ́ yóò tẹ̀ púpọ̀, èyí tí ó wúwo yóò tẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ó bá balẹ̀ sí ni ó ń sọ ìwúwo rẹ̀.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù yóò fi ara hàn ní 32, ẹ́tánọ́ọ̀lù ní 46. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà gba sùúrù. Bí ẹ̀rọ bá fi agbára púpọ̀ lu àwọn mólékù wọ̀nyí, wọ́n a máa fọ́, èérún tí ó sì pọ̀ jù láti ara àwọn méjèèjì wúwo tó 31. Ẹni tí ó bá wo èérún yìí nìkan yóò tún ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, gẹ́gẹ́ bí ahọ́n ti ń ṣe.

Ibí yìí ni òtútù ti wúlò. Ooru ni ọ̀tá ìdè háídrójìn. Bí ooru bá ti ń dín kù, ìdè ń lágbára sí i, àwọn mólékù a sì máa di ara wọn mú bí òṣùṣù ọwọ̀. Bí prótọ́nù kan bá wọ àárín òṣùṣù bẹ́ẹ̀, odindi òṣùṣù náà yóò di áyọ́nù kan ṣoṣo, ẹ̀rọ yóò sì wọ̀n ọ́n láìtú u. Òṣùṣù mẹ́tánọ́ọ̀lù yóò hàn ní 33, 65 àti 97, pẹ̀lú 32 láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù yóò hàn ní 47, 93 àti 139, pẹ̀lú 46 láàárín wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá so pọ̀ yíká prótọ́nù kan, 79 ni yóò jáde. Ìdè kan náà tí ó fi mẹ́tánọ́ọ̀lù pamọ́ sínú ìkòkò ni ó wá ń jẹ́rìí sí i nínú ẹ̀rọ.

Láti àwọn ọdún 1960, Paul Kebarle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, ní Kánádà, ni wọ́n mú ìwádìí irú òṣùṣù báyìí lọ jìnnà. Wọ́n wọn agbára tí a nílò láti yọ mólékù kọ̀ọ̀kan kúrò lára òṣùṣù omi àti ti ọtí. Ní 1965, Narcisi àti Bailey tẹ èsì ẹ̀rọ kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sí òkè jáde: ní ibi tí ó ga tó nǹkan bí 80 kìlómítà, tí òtútù ti pọ̀, òṣùṣù omi yíká prótọ́nù, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 37, wà lára ohun tí ó gbé agbára iná. Irú ìbéèrè tí ìgbì rédíò kò lè dáhùn ni ìwọ̀n dáhùn yìí. Ní Kharkiv, ní Ukraine, ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí físíìsì òtútù tí ó ń jẹ́ orúkọ Verkin, M. V. Kosevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọtí tutù títí dé ìwọ̀n tí ó lè dì. Òtútù yìí kì í ṣe ti fíríìsà, nítorí mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í dì títí yóò fi dé −97.6°C, ẹ́tánọ́ọ̀lù títí yóò fi dé −114.1°C. Wọ́n wá fi átọ̀mù tí ó ń sáré kíkankíkan lu ọtí tútù náà, òṣùṣù áyọ́nù sì ń ta jáde láti ara rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó nílò irú òtútù bẹ́ẹ̀ láti yẹ ìgò ògógóró kan wò. Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ ya àwọn ohun inú ọtí sọ́tọ̀, kí ó tó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ti tó. Ohun tí iṣẹ́ inú òtútù fi kún ìmọ̀ ni ìdí tí ọtí fi ń ṣe bí ó ti ń ṣe.

6. LÁTI INÚ Ẹ̀RỌ PADÀ SÍ INÚ ÌGÒ

Nígbà tí àyẹ̀wò parí lórí ọ̀ràn ọdún 2015, èyí tí ó tún wáyé ní Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn ti Oǹdó, ìròyìn fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù tó ìdá 16.3 nínú 100 nínú ọtí, ó sì tó 1500 sí 2000 mílígíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń fọ́ ojú. Inú ẹ̀dọ̀ ni ẹ́ńsáìmù kan ti ń sọ ọ́ di formaldehyde, lẹ́yìn náà formic acid, èyí tí ó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ẹ́ńsáìmù kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́tánọ́ọ̀lù, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju mẹ́tánọ́ọ̀lù lọ. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe lè fi ẹ́tánọ́ọ̀lù dá iṣẹ́ májèlé náà dúró. Ohun tí ahọ́n kò mọ̀ yàtọ̀, ẹ̀dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mẹ́tánọ́ọ̀lù náà ti wá fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ní àwọn oníṣòwò ni ó bù ú mọ́ ọtí láti mú un le. Àwọn mìíràn, bíi E. I. Ohimain nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 2016, ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ni ó pèsè rẹ̀ nígbà tí oje ń kan. Àríyànjiyàn yìí dá ìmọ̀ padà sí ojú iṣẹ́ tí Bassir àti Faparusi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn: kòkòrò wo ni ó wà nínú oje, kí ni ó ń pèsè, ní ọjọ́ wo? Ẹni tí kò bá ka kòkòrò inú oje, tí kò sì wọn ohun tí ó ti ẹnu páìpù jáde, kò lè dá ẹjọ́ náà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de sísè àti títa ògógóró. Ìpinnu tí ìjọba ṣe nígbà tí ènìyàn ń kú yé ni. Ṣùgbọ́n ojú tí àdéhùn 1919 fi wo ọtí ni òfin yìí náà fi wò ó: orúkọ ni ó dè. Ọtí kan náà lè yí orúkọ padà. Ní ibùdókọ̀ ìlú Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, ọtí líle tí egbò àti èèpo igi wà nínú rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ mọ̀ sí paraga. Àwọ̀ egbò ń bo àwọ̀ ọtí, òórùn èèpo ń bo òórùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń rà á kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ń tà á má mọ̀ pẹ̀lú.

7. ÌKÁDÌÍ

Ìtàn yìí fi hàn pé òfin àti ìmọ̀ rìn ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti 1890 títí dé 2015, òfin ń yí orúkọ tí ó ń pe ọtí padà, kò sì kúrò lórí orúkọ. Ìmọ̀, ní tirẹ̀, kúrò lórí orúkọ: ní Ìbàdàn, ó ka kòkòrò inú ẹmu, ní Cambridge, ní Alberta àti ní Kharkiv, ó wọn mólékù àti òṣùṣù mólékù. Ìdè háídrójìn ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí òun ni ó mú kí mẹ́tánọ́ọ̀lù lè bá ẹ́tánọ́ọ̀lù jókòó nínú ìgò kan láìsí ẹni tí yóò fura.

Àwọn tí ó kú ní Òde-Ìrèlè kò kú nítorí pé ayé kò mọ bí a ti ń dá mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ̀. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí Thomson ti fi ìwúwo ya ohun méjì tí ó jọra. Wọ́n kú nítorí pé ìmọ̀ náà kò dé ibi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò. Òfin tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀mí là kò ní dúró lórí orúkọ ọtí; yóò mú ìwọ̀n dé ẹnu páìpù, yóò sì jẹ́ kí ẹni tí ó ń sè é lè gbé e wá fún àyẹ̀wò láìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n.